Kò tíì fọwọ́ kàn ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dọdẹ rẹ: ohun tí òfin sọ

Ìbéèrè méjì ni ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà bi àbúrò mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé àgọ́. Ó ní, "Ṣé ó ti nà ẹ́ rí?" Àbúrò mi ní rárá. Ó ní, "Ṣé ó fipá fọwọ́ kàn ẹ́?" Àbúrò mi tún ní rárá. Ọkùnrin náà pa ìwé ńlá iwájú rẹ̀ dé, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ leléyìí o. Ẹ lọ bá àwọn òbí ọmọkùnrin náà sọ ọ́ nílé." Bí a ṣe jáde nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ àgọ́ náà. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, ìyá mi gan-an sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ilé-Ifẹ̀ yìí ni yóò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé a kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Lágéré. Ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò wá kí ó bá òun gé e lẹ́ẹ̀kan, ó sanwó, ó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lódìkejì títì nírọ̀lẹ́. Kò ra nǹkan kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí àbúrò mi bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Parakin, ọ̀kadà kan yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí WhatsApp: "Mo rí ẹ lónìí. Àdìrẹ yẹn yẹ ẹ́." "O pẹ́ kó o tó ti ṣọ́ọ̀bù lánàá." Kò bú u. Kò halẹ̀. Kò bèèrè owó. Àbúrò mi ṣáà ń rù sí i ni, kò sì lè dá nìkan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ẹ mú ohun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Dídúró sẹ́bàá títì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gígun ọ̀kadà lọ sí Parakin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn sọ pé àdìrẹ yẹ ènìyàn, ohun tí à ń sọ síra wa lójoojúmọ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú nìyẹn. A máa ń wá ìwà kan ṣoṣo tí a lè nawọ́ sí pé òun ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò sì ní irú rẹ̀. Òkìtì ni. Bí ẹ bá ń tú u wò ní ẹyọ ẹyọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan mú.

Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. A ní, "Ó ń ṣọ́ mi lọ́wọ́ ṣọ́ mi lẹ́sẹ̀." A ní, "Ó ń dọdẹ mi." Iṣẹ́ ọdẹ ni èyí kejì ti wá, ọdẹ kì í sì í yìnbọn lójoojúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lúgọ, kó wo ipa ẹsẹ̀, kó mọ odò tí ẹran ti ń mu omi àti àsìkò tó ń mu ún. Ẹran tó bá mọ̀ pé wọ́n ń dọdẹ òun kì í dúró kí ìbọn dún kó tó sá. Dídọdẹ ènìyàn ni n óò máa pe ẹ̀ṣẹ̀ náà nínú àlàyé yìí.

Òfin àpapọ̀ ti 2015 tó de ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí VAPP, dárúkọ rẹ̀ ní tààrà. Abala 17 ni ìjìyà rẹ̀ wà. Abala 46, níbi tí òfin ti ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ni ìtumọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni ìtumọ̀ náà pín sí. Èkíní, kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹlòmíràn, tàbí kó máa rá pálá nítòsí ilé tó ń gbé, ibi iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ti ń ṣòwò, ibi tó ti ń kàwé, tàbí ibi yòówù tó bá wà. Èkejì, kó máa tẹ̀ lé e, kó máa lépa rẹ̀, tàbí kó máa dá a dúró lọ́nà, lọ́nà tó ń dẹ́rù bà á tàbí tó ń kó ìdààmú bá ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló sì ṣíwájú méjèèjì: léraléra.

Ẹ padà wo ìbéèrè ọlọ́pàá yẹn. Kò sí nínà níbẹ̀. Kò sí ìfọwọ́kàn níbẹ̀. Òfin kò bèèrè ọgbẹ́, kò sì bèèrè bóyá ọkùnrin náà nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà dé ọkàn. Ibi ìṣòwò wà níbẹ̀ o, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù Lágéré. Ibi ìkàwé wà níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ẹnìkan ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà hóṣítẹ́ẹ̀lì ní gbogbo alẹ́. Òfin náà kò sì sọ pé obìnrin nìkan ni. Ọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ kò jẹ́ kó sinmi ní ọ́fíìsì wà lábẹ́ ààbò kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó bá lọ fẹjọ́ sùn, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi gbà á.

Ẹ̀ẹ̀mélòó wá ni léraléra? Òfin tiwa kò dárúkọ iye. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ti 1997 sọ pé ó kéré tán, kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, iye nìkan kọ́ ni adájọ́ yóò wò. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún un pé kó má wá mọ́, wúwo ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún méjì lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un pé kó má wá mọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, n óò padà sórí rẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Òfin kan náà túmọ̀ ìyọlẹ́nu pé ó jẹ́ ìwà àṣetúnṣe tó ń mú ẹ̀rù bani, ó sì ka pípè léraléra mọ́ ọn, bóyá ọ̀rọ̀ jáde o, bóyá kò jáde. Ẹni tó ń fi fíláṣì jí ọ lóru, tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan á gé e, kò lè sọ pé òun kò bá ọ sọ nǹkan kan. Lẹ́tà, ẹrù tí a fi ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́, ímeèlì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ní ti ìjìyà, òfin kì í fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò níhìn-ín ní gúúsù, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá tó ọdún 3 sókè ni ọ̀ràn ńlá, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní felony. Èyí tó bá wà láàárín oṣù 6 sí ohun tí kò pé ọdún 3, ó rẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye ọdún tó wà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, ẹ ti mọ àtẹ̀gùn tó dúró sí. Dídọdẹ ènìyàn lábẹ́ VAPP dúró sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò já sí i, ẹni tó ràn án lọ́wọ́ tàbí tó tì í síbẹ̀, àti ẹni tó gbà á sílé lẹ́yìn tó ti ṣe é, ọdún 1 tàbí ₦200,000 ló ga jù fún wọn, ilé ẹjọ́ sì lè so méjèèjì pọ̀. Ọlọ́kadà tí wọ́n sanwó fún kó máa tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan délé, tó sì mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ náà lè wà nínú ìwé ẹ̀sùn.

Àbújá nìkan ni òfin àpapọ̀ yìí dé tààrà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Iye ọdún àti owó tí mo kọ sókè yìí, ti àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ dìde ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, kí ó ní kí lọ́yà ṣí ẹ̀dà ti Ọ̀ṣun níwájú òun.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀gùn ń gòkè. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 2015 bákan náà, kárí gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èyí tó wà ní Òṣogbo ni tiwa. Òfin yìí sọ pé dídọdẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìwà tí ẹnìkan dojú rẹ̀ kọ ẹnì kan pàtó, irú èyí tí yóò ba ẹni tó ní làákàyè lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ làákàyè yẹn ni òṣùwọ̀n. Adájọ́ kò ní wo bóyá ìwọ jẹ́ ojo tàbí akin. Yóò bi ara rẹ̀ pé bí ó bá ṣe pé ènìyàn tí orí rẹ̀ pé ni wọ́n ṣe irú èyí sí, ṣé ẹ̀rù yóò bà á?

Abala 24 ni àtẹ̀gùn náà wà, ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ránṣẹ́ ló sì ń sọ ibi tó máa dúró sí. Ìhàlẹ̀ tàbí ìfòòró tó mú kí ẹnìkan bẹ̀rù ikú, ìwà ipá tàbí ìpalára sí ara rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú ìhàlẹ̀ ìjínigbé àti bíbèèrè owó ìràpadà: ẹ̀wọ̀n ọdún 10, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí mílíọ̀nù 25 náírà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ènìyàn halẹ̀ pé òun yóò ba dúkìá tàbí orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ kó lè fi gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: ọdún 5, owó tí kò dín sí mílíọ̀nù 15. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé "Bí o kò bá padà sọ́dọ̀ mi tàbí kó o fi owó ránṣẹ́, n óò gbé fọ́tò rẹ sórí Facebook" yẹ kó wo ojú ara wọn.

Ibẹ̀ náà ni mo máa ń rántí àwọn ayánilówó orí fóònù. Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní dídógò. Bí onígbèsè kò bá san, olówó a rán ológò lọ sílé rẹ̀, ológò a tẹ́ ẹní, a jókòó, a máa pariwo, a máa bú wọn, ilé kò ní rójú títí wọn yóò fi san. Àwọn ológò òde òní ti fi fóònù rọ́pò ẹní. Wọ́n a fi àwòrán onígbèsè ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, pé olè ni. Gbèsè wà lóòótọ́, ó sì yẹ kó san án. Ṣùgbọ́n gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi orúkọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn.

Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ nínú abala 24 ló dá wàhálà sílẹ̀ jù, ọdún 3 tàbí mílíọ̀nù 7 náírà ni tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015, ó fẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣáà bí ẹnìkan nínú tàbí tó tàbùkù rẹ̀ lè bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn alágbára mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lò ó: akọ̀ròyìn kọ nǹkan nípa olóṣèlú, wọ́n mú un, wọ́n ní ó ń dọdẹ ọ̀gá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS sọ pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ ọ̀rọ̀, pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní 2024 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dín in kù sí ọ̀rọ̀ oníhòòhò àti irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí sínú ewu. Mo dúró lórí èyí nítorí pé ó ń bí mi nínú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí mú ẹni tó sọ òótọ́ sí olóyè, wọ́n ń sọ orúkọ náà di yẹpẹrẹ fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń dọdẹ ní Lágéré.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ọgbọ́n tiwọn. California ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà, ní 1990. Ẹni tó bá ń dọdẹ ènìyàn níbẹ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ fún un pé kó jìnnà, ìjìyà rẹ̀ le sí i. Íńdíà ń wo bóyá ó ti jẹ̀bi rẹ̀ rí: òfin wọn fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 sórí ẹ̀ẹ̀kíní, ọdún 5 sórí ẹ̀ẹ̀kejì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wo ohun tó ṣe sí ẹni náà: èyí tó kéré, oṣù 6, èyí tó mú kó máa bẹ̀rù ìwà ipá, tàbí tó da ìgbé ayé rẹ̀ rú pátápátá, ó lè tó ọdún 10, ọdún 5 sì ni kí wọ́n tó sọ ọ́ di 10 ní 2017.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ o. Àbúrò mi kò fẹ́ kí ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n. Ó fẹ́ kó má dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Òfin ní ọ̀nà fún ìyẹn, ọ̀nà náà ni mo sì rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀: àṣẹ ààbò láti ilé ẹjọ́. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí ẹni náà má dé ilé rẹ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ, kí ó má sì ran ẹlòmíràn wá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ni yóò bèèrè fún un. VAPP gba ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ láyè láti bá ọ bèèrè. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì náà fún ilé ẹjọ́ ní irú àṣẹ yìí, ẹni tó bá sì rú u, ó di ẹ̀ṣẹ̀ tuntun: ọdún 3 tàbí mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ kíyè sí i. Ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ lánàá lè bá ara rẹ̀ lórí ọ̀ràn ńlá lónìí, nítorí pé adájọ́ ní kó má ṣe, ó sì ṣe é.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ fún mi pé, "Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fẹ́ àwọn ìyàwó wa? Obìnrin kì í gbà lọ́jọ́ kan." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí wọ́n ń wí yẹn, alárenà ló ń lọ, ló ń bọ̀. Owó ìṣíhùn sì wà: ìgbà tí ọmọbìnrin bá ṣí ohùn ni wọ́n ń san án. Bí kò bá ṣí ohùn, ìdáhùn nìyẹn náà, alárenà á padà lọ jíṣẹ́. Ìyá ìyàwó kankan kò jẹ́ gbà kí ọkùnrin kan máa lúgọ lẹ́yìn ògiri ilé wọn láago mẹ́sàn-án alẹ́.

Kí wá ni kí ènìyàn ṣe? Kọ́kọ́ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kó yé e, nínú ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́: "Mi ò fẹ́. Má wá síbi iṣẹ́ mi mọ́, má sì pè mí mọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, má dáhùn mọ́, bó ti wù kó bẹ̀. Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ni kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, kódà èyí tó ń rí ọ lára. Fọ́tò ojú fóònù dára, ṣùgbọ́n tọ́jú fóònù gan-an, nítorí abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ń fẹ́ kí ẹnìkan fọwọ́ sí ìwé pé irú ẹ̀rọ báyìí ni ẹ̀rí náà ti wá, àti bó ṣe jáde. Bá àwọn tó rí i sọ̀rọ̀. Ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti rí ọkùnrin yẹn ju bí àbúrò mi ṣe rí i lọ. Ẹ má sì rán àwọn ọmọ àdúgbò lọ lù ú. Ọjọ́ tí ẹ bá lù ú, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀.

Ohun kan tó kù ni ìwé. A ra ìwé ọmọléèwé olójú-ewé ogójì kan, àbúrò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: ọjọ́, aago, ibi tó wà, ohun tó ṣe, ẹni tó rí i. Kò kọ "ó tún ti wá yọ mí lẹ́nu". Ó kọ "Túsìdeè, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dúró lábẹ́ pákó MTN títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù, ìyá alágbo rí i".

Ọlọ́pàábìnrin kan ló wà nídìí káńtà nígbà tí a padà lọ. Àbúrò mi gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ń fi ẹ̀yìn bírò ka àwọn ìlà náà, ó ka mẹ́tàdínlógún. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọjọ́ wo lo sọ fún un pé kó má wá mọ́?" Àbúrò mi fi ìka kan ìlà kẹta. Ó ka èyí tó kù lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rìnlá, ó fa ìwé ńlá rẹ̀ mọ́ra, ó ṣí i, ó ní kí a jókòó.